Ẹ Yẹ Kọ́ọ̀sì Wò Kí Ẹ Tó Yan Orílẹ̀-èdè

Àwọn tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná lókè òkun kì í bi mí ní nǹkan míì ju pé, "Orílẹ̀-èdè wo ló dáa jù?" Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá kọ́ọ̀sì náà ní ìfọwọ́sí, torí òun ni wọn yóò wò kí wọ́n tó gbà pé ẹnjiníà ni yín.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ABET ló ń fọwọ́ sí i. Kì í ṣe yunifásítì lódindi ni wọ́n ń fọwọ́ sí o, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni. Òkìkí ilé-ìwé lè kàn ká ayé, kí kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ má sì sí lára èyí tí wọ́n buwọ́ lù. Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra: Electrical Engineering kọ́ ni Electrical Engineering Technology. Ìkejì, tó dá lórí ìmúlò ẹ̀rọ jù, kì í ṣe ayédèrú, iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà kì í fún ẹni tó gboyè rẹ̀ ní ìwé àṣẹ ẹnjiníà. Àwọn míì á ní kó ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i ná. Àdéhùn wọn pàápàá yàtọ̀. Lábẹ́ Washington Accord, tí orílẹ̀-èdè mẹ́fà dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, ni ti àkọ́kọ́ wà, kí orílẹ̀-èdè kan lè ka oyè èkejì sí. Sydney Accord ni ti Technology.

Ohun tí àwọn aṣojú tí ń báni wá ilé-ìwé kì í sábà sọ rèé. Tó bá jẹ́ rédà tàbí ẹ̀rọ ogun ló wù yín, òfin ITAR, tó ń ṣàkóso ohun ìjà àti ìmọ̀ nípa wọn ní Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà wọlé fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba fún un láṣẹ. Ní Britain, ọ̀pọ̀ àjèjì tó fẹ́ ṣe másítà tàbí PhD nínú àwọn ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ gba ìwé ATAS, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba nítorí ètò ààbò, kí wọ́n tó béèrè físà. Ẹ̀ka ìpèsè iná kì í sábà ní wàhálà tó tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá dé láàbù, ẹ má ṣe fi àwọ̀ nìkan mọ wáyà. Ní Amẹ́ríkà, wáyà dúdú ni iná wà nínú rẹ̀, funfun ni neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà. Ní Britain, dúdú gan-an ni neutral títí wọ́n fi yí i padà láàárín 2004 sí 2006, ilé àtijọ́ púpọ̀ ṣì ní in. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kódà kí ọ̀gá láàbù ti ní kò séwu. Iná wọn náà kò dọ́gba: 60 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni ti Amẹ́ríkà, 50 Hz ni ti Yúróòpù. Mọ́tò oníná two-pole (ẹ̀rọ tí iná ń yí, tó ní òpó òòfà méjì) tí òòfà rẹ̀ ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan lórí 50 Hz á di 3,600 lórí 60 Hz.

Ní ti iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, físà F-1 ti Amẹ́ríkà, ti akẹ́kọ̀ọ́, fàyè gba iṣẹ́ oṣù 12 tí wọ́n ń pè ní OPT, kọ́ọ̀sì yín sì lè fi oṣù 24 kún un. Láti 90 ọjọ́ ṣáájú ìparí ẹ̀kọ́ lẹ ti lè kọ̀wé béèrè. Ẹ tètè kọ ọ́, kí ẹ sì tètè máa wáṣẹ́, torí ẹni tó bá lò ju 90 ọjọ́ lọ láìníṣẹ́ nínú oṣù 12 yẹn ti rú òfin físà.