Static pressure: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó ra fáànù tó ń fa èéfín jáde

Màmá kan tó ń ta oúnjẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ilé ibẹ̀ fún mọ́ra débi pé ògiri aládùúgbò ló dí fèrèsé ilé ìdáná wọn. Nítorí náà, wọ́n ti fi páànù ṣe ọ̀nà èéfín láti òkè ààrò títí dé orí òrùlé, wọ́n sì gbé fáànù ńlá kan sí i. Fáànù ń pariwo gan-an. Mo ya bébà tíṣù, mo gbé e sún mọ́ asẹ́ tó ń gba ọ̀rá lókè ààrò. Kò lẹ̀ mọ́ ọn, ńṣe ló já bọ́, ìyẹn ni pé fáànù ò fa afẹ́fẹ́ tó bó ṣe yẹ.

"Ọmọ mi, èyí tó tóbi jù lọ́jà la rà o," ni màmá wí. Èéfín ti sọ ojú wọn di pupa.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kọ sára páálí fáànù sábà máa ń jẹ́ èyí tó lè gbé nígbà tí ohunkóhun ò bá dínà fún un: kò sí asẹ́, kò sí ọ̀nà gígùn, kò sí igbọ̀nwọ́ (ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọrọ) kankan. Tẹ́ ẹ bá ti so ó mọ́ ọ̀nà páànù, ọ̀nà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá afẹ́fẹ́ dúró. Agbára tí fáànù nílò láti borí ìdádúró yẹn la ń pè ní static pressure. Pascal la fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ìwé fáànù bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ìńṣì omi ni wọ́n máa lò. Ìńṣì kan tó nǹkan bíi Pascal 249.

Ká ní kúbíìkì mítà 0.45 la fẹ́ fà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀nà páànù sì jẹ́ mílímítà 300 níbùú àti lóròó. Ààyè inú rẹ̀, mítà 0.3 lọ́nà mítà 0.3, jẹ́ 0.09. Ẹ fi pín 0.45, ẹ máa rí i pé eré afẹ́fẹ́ jẹ́ mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi 5 lọ́po 5, kẹ́ ẹ wá fi 0.6 lọ́po rẹ̀: Pascal 15. Ẹ di 15 yẹn mú, òun la fi ń ṣírò igbọ̀nwọ́.

Asẹ́ ọ̀rá, ẹni tó ṣe é ló ń kọ tirẹ̀. Ká fi sí Pascal 60. Ẹnu ibi tí èéfín ń gbà wọlé, 10. Mítà 20 ọ̀nà páànù, nǹkan bíi Pascal kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan, 20. Fìlà tó ń gba òjò lórí òrùlé, 30. Ó wá ku igbọ̀nwọ́ mẹ́ta, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Èyí tí wọ́n kàn ṣẹ́ gún bí igun àpótí ń gba nǹkan bí 1.2 lọ́nà 15, ìyẹn 18. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 54. Àròpọ̀ jẹ́ 174. Èmi máa ń pè é ní 200, torí ọ̀rá ò ní yéé di asẹ́. Tí wọ́n bá rọ igbọ̀nwọ́ náà kó tẹ̀ kọrọdọ, nǹkan bíi 4 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà.

Ẹ má fi ọ̀nà páànù ṣọ́wó ná. Tí ààyè inú rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, eré á di 10, Pascal 15 á di 60, igbọ̀nwọ́ mẹ́ta yẹn nìkan á sì gba 216. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáànù: tẹ́ ẹ bá ní kó sáré ní ìlọ́po méjì lórí ọ̀nà kan náà, iná tó máa jẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Tí ọ̀nà bá ní ẹ̀ka, bíi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alájà mẹ́rin, ẹ̀ka tó ń gba Pascal jù lọ nìkan lẹ máa kà pọ̀ mọ́ ọ̀nà tí gbogbo wọn jọ ń lò.

Lẹ́yìn náà lẹ óò wá béèrè ìwé fáànù, kẹ́ ẹ wo iye afẹ́fẹ́ tó ń gbé ní Pascal 200. Ọ̀pọ̀ àwọn fáànù alábẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri kì í dé ibẹ̀ rárá. Èyí tí ilé rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín ló lè débẹ̀.

Nílé màmá, ọ̀nà páànù ti fún di ìdajì níbi tó ti gba abẹ́ bíìmù kọjá. A sọ ọ́ di pẹlẹbẹ, a fẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a rọ igbọ̀nwọ́ mìíràn, a sì gbé fáànù oníkarahun sókè. Tíṣù lẹ̀ mọ́ asẹ́. Àmọ́ bí ọmọ wọn ṣe ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tún já bọ́, torí afẹ́fẹ́ ò rí ibi gbà wọlé. Ọjọ́ náà la gé ojú ihò gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.