Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà

Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni omi mímu tí a po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ mọ́ ní ìwọ̀n, láti dá omi padà sí ara ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí onígbáméjì ń dà láàmú. Ìyẹ̀fun irú rẹ̀ tí iléeṣẹ́ òògùn ti dì sínú ọ̀rá, tí a ó kàn pò mọ́ omi, là ń pè ní ORS.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlọrin gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2017 ni onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà, Moro àti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìlọrin. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa parí, 1,558 ènìyàn ni wọ́n fura sí pé ó ti mú, 11 sì ti kú. Iye tó kú kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àìsàn yìí lè ṣe, nítorí onígbáméjì tó le tí kò rí ìtọ́jú lè pa tó ìdajì àwọn tó bá mú.

Omi lásán kò tó fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Háídrójìn méjì àti ọ́síjìn kan ló para pọ̀ di omi, omi yìí ló sì kó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo àgbàlagbà. Ti ọmọ tuntun tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù (èyí tó wà nínú iyọ̀) àti pòtásíọ̀mù, àwọn èròjà tí ara nílò, wà nínú omi ara, ìgbẹ́ gbuuru sì ń kó wọn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1960, Robert Crane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ọ̀nà kan wà lára ògiri ìfun tó jẹ́ pé glúkósì, ìyẹn irú ṣúgà kan, kì í gba ibẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé sódíọ̀mù bá a wọlé. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì kì í ba ọ̀nà yìí jẹ́, ìdí nìyẹn tí ohun mímu fi lè gba aláìsàn là. Nígbà ogun Bangladesh ní 1971, omi ìfàsára (dríìpù) tán lọ́wọ́ dókítà Dilip Mahalanabis ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé; iyọ̀ àti glúkósì ló pò sómi fún wọn mu, ikú sì dín kù gidigidi.

Ìgbẹ́ gbuuru tún máa ń kó bikábọ́nétì lọ, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan. Èyí á mú kí áyọ́ọ̀nù háídrójìn, ohun tó ń mú nǹkan kan, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, pH rẹ̀ (òdiwọ̀n tó máa ń lọ sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i) á lọ sílẹ̀ ju 7.35, ọmọ á sì máa mí gúlegúle. Sítírétì inú ORS ló ń tún èyí ṣe. Láti 2002, ohun tó wà nínú ORS fún lítà omi kan ni iyọ̀ gíráàmù 2.6, glúkósì 13.5, pòtásíọ̀mù kílóráìdì 1.5 àti sítírétì 2.9. Èyí tí a pò nílé kò ní pòtásíọ̀mù, kò sì ní sítírétì. Nítorí náà, bí ORS bá wà, òun ni kí a lò.

Bí kò bá sí, omi mímọ́ 60cl ni a ó wọ̀n, ìyẹn ìgò mínírà 30cl àtijọ́ méjì. A ó fi ṣíbí ìmutíì kékeré tó ń gba mílílítà mẹ́ta bu iyọ̀ ẹ̀kan, a ó bu ṣúgà ẹ̀mẹ́wàá, tàbí kí a fi kóró ṣúgà márùn-ún sí i. Ibi ìwọ̀n yìí gan-an ni ewu wà. Ìgò mínírà òde òní ti yàtọ̀ síra, 50cl ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sára omi inú ọ̀rá. Ẹni tó bá lo ọ̀rá kan ṣoṣo, iyọ̀ á pọ̀ jù, iyọ̀ tó pọ̀ jù sì lè fa gìrì fún ọmọ. Kí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí a sì tọ́ omi náà wò: iyọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti omijé lọ.

Ife àti ṣíbí ni a fi ń fún ọmọ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì í, kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá má dá ọmú dúró o. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ti pò tó bá ju wákàtí 24 lọ, dídà ni.

Ọmọ tí àwùjẹ rẹ̀ jìn, tí ojú rẹ̀ wọnú, tó ń sunkún láìsí omijé, omi ti ń tán lára rẹ̀. Bí a bá fún awọ ikùn rẹ̀ pọ̀, tí a sì tú u sílẹ̀, tí kò padà sípò láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.