Bí Mọ́tò Ìlera Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nílé-Ìwé Ìjọba ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Mọ́tò ìlera, tó ń gbé àyẹ̀wò àti oògùn wá bá àwọn ọmọ, tí wọ́n gbé sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé-ìwé ni gbogbo ayé ń rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Ọ̀gá ilé-ìwé á ti kọ́kọ́ fi ìwé ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ sílé. Ìyá tó ń tajà ní Ìpàtà láti àárọ̀ dalẹ́ lè máà ráyè kà á, ẹlòmíì kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i, wọn kì í fún un lóògùn.

Ọjọ́ náà gba ìrònú. Ní Ìlọrin, Jímọ̀ kò dáa torí ìrun, bí ọ̀sán bá sì ti pọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ á ti máa múra ilé-kéwú. Oṣù ààwẹ̀ kò ṣeé lò, nítorí oògùn àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò máa tọ ẹ̀jẹ̀, ń fẹ́ oúnjẹ nínú. Lápá Òmù-Àrán àti Ìsin, ọjọ́ ọjà ni kí wọ́n yẹra fún. Ọmọ a máa tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ.

Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á wo ìsàlẹ̀ ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá ó funfun. Tí wọ́n bá fura, wọ́n á gún ìka rẹ̀: ọmọ ọdún 5 sí 11 tí èsì rẹ̀ kò dé 11.5 g/dL, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àyẹ̀wò ojú ni wọ́n máa ń sáré ṣe jù, bẹ́ẹ̀ òun ló gba sùúrù. Ọmọ á dúró ní mítà 6 sí pátákó, á bo ojú kan. Fún èyí tí kò tíì mọ̀wé, lẹ́tà E nìkan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n dorí rẹ̀ kọ oríṣiríṣi ọ̀nà. Ọmọ á kàn nawọ́ síbi tí ẹsẹ̀ E kọjú sí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní olódo, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ohun tí tíṣà kọ ni.

Oògùn aran kò le: hóró albendazole 400 mg kan, kí ọmọ rún un. Ti àtọ̀sí ajá, gíga ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn rẹ̀, praziquantel. Ọmọ á fẹ̀yìn ti ọ̀pá tí wọ́n fàlà sí: ẹni tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 94 sí 110 gba hóró kan, 125 sí 138 gba méjì. Inú lè run ọmọ tí àrùn náà pọ̀ lára rẹ̀, òòyì sì lè kọ́ ọ. Bí wọn ò bá sọ èyí fún òbí tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò á ti gbọ́ pé wọ́n fọmọ ní májèlé.

Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá wà, bíi ti HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, inú kúlà ló ń gbé.

Eyín tó ti jẹrà dé gbòǹgbò àti etí tó ń ṣọyún kọjá agbára mọ́tò. Wọ́n á kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, àbí UITH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin. Ibí gan-an lètò ti ń já, torí owó ọkọ̀ àti owó káàdì. Ètò tí kò bá tọpa ìwé yìí, fọ́tò ló wá yà. Èyí tó mọṣẹ́ rẹ̀ á fi orúkọ àwọn ọmọ náà sọ́wọ́ olùkọ́ kan àti nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà àdúgbò, tí yóò máa pe òbí lórí fóònù, tí yóò sì wò ó bóyá ìdílé náà lè wọ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Kwara. Tí mọ́tò bá padà wá, àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, kí wọ́n tó gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀.