Ohun tí onímọ̀ DNA ń wá fún olùjẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn

Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá gbé ìwé àyẹ̀wò DNA kalẹ̀ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní kóòtù ló máa ń gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìwé náà á ní ẹ̀jẹ̀, itọ́ tàbí awọ ara tí wọ́n rí níbi ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti olùjẹ́jọ́ mu. Á tún ní nínú bílíọ̀nù ènìyàn, agbára káká ni wọ́n fi lè rí ẹlòmíràn tí tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìwé yẹn dáhùn: ti ta ni? Kò sọ bí ó ṣe débẹ̀, kò sọ ọjọ́ tó débẹ̀, kò sì sọ bóyá ẹni tó ni ín fọwọ́ kan òkú náà rí. Àwọn ìbéèrè tó ṣẹ́ kù wọ̀nyí ni onímọ̀ tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ pè ń bójú tó.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́. Inú ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn ní ọ̀pọ̀ oṣù kí ìgbẹ́jọ́ tó wáyé. Ojú ìwé díẹ̀ tí àbájáde wà nínú rẹ̀ ni ìjọba sábà máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ìyẹn tó òun. Á ní kí agbẹjọ́rò béèrè àwòrán tí ẹ̀rọ yà, àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò, orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ̀rí náà gba ọwọ́ wọn kọjá pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, àti ìwé tí yàrá àyẹ̀wò ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sí. Á béèrè àbájáde ike òfìfo pẹ̀lú. Wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò ike tí kò sí DNA kankan nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Bí ẹ̀rọ bá rí DNA níbẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan àjèjì ti wọ inú iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà ìdájọ́ Brady v. Maryland ní 1963 ni kò ti tọ́ kí ìjọba fi ẹ̀rí tó lè ran olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ pamọ́. Àmọ́ agbẹjọ́rò tí kò mọ ohun tí yóò béèrè kì í rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, àwòrán ẹ̀rọ ló ṣe pàtàkì jù. Láti 2017, ojú ibi 20 lára DNA ni àwọn yàrá àyẹ̀wò Amẹ́ríkà ń wò fún àkójọ DNA orílẹ̀-èdè wọn. Ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á ya ṣóńṣó kan tàbí méjì, bí orí òkè, fún ẹnì kan, nítorí pé a gba ìkan lára bàbá, a gba ìkan lára ìyá. Bí ṣóńṣó bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, DNA ju ti ẹnì kan lọ ló wà níbẹ̀. Bí DNA bá wá kéré jọjọ, ṣóńṣó tó yẹ kó yọ lè má yọ, èyí tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni sì lè yọjú. Láti ibẹ̀ lọ, ojú ẹni tó ń ka àwòrán ló kù tí kóòtù gbọ́kàn lé. Bí àbájáde olùjẹ́jọ́ bá sì ti wà níwájú onítọ̀hún, kò ṣòro kó ka ṣóńṣó tó bá a mu kún, kó sì pe èyí tí kò bá a mu ní ariwo ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ olùjẹ́jọ́ fi máa ń wádìí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kà: ti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni, àbí ti olùjẹ́jọ́?

NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òṣùwọ̀n, dán àwọn yàrá àyẹ̀wò wò ní 2013. Yàrá 108 ló kópa. Nínú ìdánwò tó le jù, DNA ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n pò pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́rin bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kan. Yàrá 74 nínú wọn ló ka ẹnì kan tí DNA rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ká ní ẹjọ́ ìpànìyàn gidi ni, ẹni yẹn ì bá wà ní àtìmọ́lé.

Ẹjọ́ tó fi bí gbogbo èyí ṣe ń lọ hàn jù ni ti ìlú Perugia ní Ítálì. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2007, wọ́n pa Meredith Kercher, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé tó ń gbé. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Amanda Knox, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà, àti Raffaele Sollecito, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀. Ẹ̀rí DNA méjì ni ìjọba gbára lé jù. Àkọ́kọ́ ni ọ̀bẹ ìdáná tí ọlọ́pàá mú nílé Sollecito: yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá ní Róòmù sọ pé DNA Knox wà lára èèkù rẹ̀, ti olóògbé sì wà lójú irin rẹ̀. Èkejì ni ìkọ́ kọ́mú olóògbé, tí wọ́n ní DNA Sollecito wà lára rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ tí àwọn olùjẹ́jọ́ pè kò sọ pé DNA kò ṣeé gbà gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé èyí tó wà lójú ọ̀bẹ kéré débi pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, àti pé irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bí wọn kò bá tún un ṣe. Ní ti ìkọ́ kọ́mú, àwọn ọlọ́pàá ti rí i nílẹ̀ yàrá ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, wọ́n tiẹ̀ ya fídíò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mú un. Ọjọ́ 46 lẹ́yìn náà ni wọ́n tó padà wá mú un. Ó ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ sì ti wọ yàrá náà láìmọye ìgbà. Àwọn agbẹjọ́rò bẹ ilé ẹjọ́ pé kó yan onímọ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kì í sì í ṣe ti olùjẹ́jọ́, láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ilé ẹjọ́ kọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 26 fún Knox àti ọdún 25 fún Sollecito.

Ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni wọ́n ti gba ohun tí ti àkọ́kọ́ kọ̀. Adájọ́ yan Stefano Conti àti Carla Vecchiotti láti yunifásítì Sapienza ní Róòmù. Ìròyìn wọn jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2011. Wọn kò rí ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀bẹ náà. Èròjà inú oúnjẹ bíi sítáàṣì ni wọ́n rí. Wọ́n sọ pé àbájáde ojú ọ̀bẹ kò ṣeé gbára lé. Wọ́n sọ pé DNA ọkùnrin tó ju ẹyọ kan lọ ló wà lára ìkọ́ kọ́mú náà, wọ́n sì fi fídíò ọlọ́pàá fúnra wọn hàn, níbi tí ìbọ̀wọ́ ẹni tó mú ìkọ́ náà dání ti dọ̀tí. Wọ́n fẹ́ tún ìkọ́ náà yẹ̀ wò, kò ṣeé ṣe: bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ ti jẹ́ kó dípẹtà. Èyí ló bani nínú jẹ́ jù nínú ìtàn náà, nítorí pé bí ẹ̀rí bá bàjẹ́, àtẹni tó jẹ̀bi àtẹni tí kò jẹ̀bi ló pàdánù, ẹbí olóògbé náà sì pàdánù.

Wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2011. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fagi lé e ní 2013, ti Florence tún dá wọn lẹ́bi ní 2014, kó tó di pé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá wọn sílẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2015. Nínú ọ̀ràn kan náà, DNA Rudy Guede, ọkùnrin mìíràn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, wà lára olóògbé àti nínú yàrá rẹ̀, ipasẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tó lẹ́jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi nínú ẹjọ́ tirẹ̀. Ibi tí ẹ̀rí púpọ̀ bá ti ń tọ́ka síbì kan náà, ó ṣòro kí onímọ̀ kankan tú u ká.

Ní Perugia, bóyá DNA náà wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni àríyànjiyàn. Nígbà mìíràn, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ti olùjẹ́jọ́ ni lóòótọ́, olùjẹ́jọ́ kò sì débẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn adigunjalè pa ọkùnrin kan nílé rẹ̀ ní California. Wọ́n rí DNA lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó bá ti ọkùnrin kan tí kò nílé mu, tí orúkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú un, ẹ̀sùn tó lè yọrí sí ikú sì ni. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò rántí ibi tó wà ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ọtí ti pa á. Ìwé ilé ìwòsàn ló gbà á. Ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú ìpànìyàn náà ni ọkọ̀ áńbúláǹsì ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ló sì wà títí di ọjọ́ kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì méjèèjì tó gbé e ni wọ́n tún pè sílé ẹni tí wọ́n pa. Ó jọ pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn ló gbé DNA rẹ̀ débẹ̀. Ó ti lò tó oṣù márùn-ún ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Nítorí irú nǹkan báyìí, onímọ̀ olùjẹ́jọ́ á béèrè ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan òkú, ohun tí wọ́n fi kàn án, àti ibi tí ọwọ́ yẹn ti ń bọ̀. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá fi wá obìnrin kan tí DNA rẹ̀ ń hàn níbi ọ̀ràn lóríṣiríṣi, títí kan ibi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàábìnrin kan ní Heilbronn ní 2007. Ní 2009 ló hàn pé DNA òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe òwú tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rí ni.

Ìpinnu tó le jù fún agbẹjọ́rò ni bóyá kí onímọ̀ tirẹ̀ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ẹ̀rí tó kù lè máà tó ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Àbájáde tuntun sì lè jẹ́ kí ẹ̀sùn náà fìdí múlẹ̀ sí i. Bí agbẹjọ́rò kò bá pe onímọ̀ náà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ní ọ̀pọ̀ ibi ohun tó rí á dúró sí àárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kóòtù kì í gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀yìn agbẹjọ́rò ni wọ́n ń jókòó, wọ́n á máa kọ ìbéèrè tí yóò bi ẹlẹ́rìí ìjọba. Nínú ẹjọ́ ìpànìyàn O.J. Simpson, gbajúmọ̀ eléré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní Los Angeles ní 1995, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ pe onímọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wáyé nígbà tí Barry Scheck, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò náà, ń fi ìbéèrè wá Dennis Fung, òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá tó kó ẹ̀jẹ̀ níbi ìṣẹ̀lẹ̀, lẹ́nu wò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tútù sínú àpò ọ̀rá nínú ọkọ̀ tó gbóná? Kí ló dé tó fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó mú èyí tó wà lára géètì ẹ̀yìn?

Bí onímọ̀ bá wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀, ààlà rẹ̀ ṣe kedere. Kò lè sọ pé olùjẹ́jọ́ kò pànìyàn. Kò sí níbẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fi nọ́ńbà sípò rẹ̀. Bí àbájáde tí kò pé bá ní ẹnì kan nínú mílíọ̀nù ló ní irú DNA yìí, kò túmọ̀ sí pé olùjẹ́jọ́ ní àǹfààní ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù láti jẹ́ aláìjẹ̀bi. Nínú ìlú tí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn wà, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn bíi mẹ́wàá ní i. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ England kìlọ̀ lórí àṣìṣe yìí gan-an ní 1996.

Gbogbo èyí ń gba owó, tálákà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Ọ̀rọ̀ Anthony Ray Hinton, ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní Alabama, fi í hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọta ìbọn ni tirẹ̀, kì í ṣe DNA. Agbẹjọ́rò rẹ̀ rò pé dọ́là 1,000 ni òfin fàyè gbà fún onímọ̀, ó sì gba ẹni tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò kúnjú òṣùwọ̀n. Òfin ti yí padà nígbà yẹn, ó lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di 2014 kí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà tó sọ pé agbẹjọ́rò náà kùnà, nítorí pé kò wo òfin. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjọba fúnra wọn tún ọta náà yẹ̀ wò, wọn kò lè so ó mọ́ ìbọn tí wọ́n ní Hinton lò. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2015, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tó ti ń retí ikú.