Láti tubali dé búlọ́ọ̀kù: bí ilé ìwé Òkè Ọya ṣe di ohun tó dà lónìí

Yàrá mẹ́ta tó tò tẹ̀léra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, páànù lókè. Láti Ìlọrin títí dé Sókótó, irú ilé ìwé tí ojú wa mọ̀ nìyẹn, títí kan àwa Yorùbá tó ń gbé Sabon Gari ní Kánò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hanns Vischer, ọmọ Switzerland tí àwọn Hausa ń pè ní Dan Hausa, dá ilé ìwé ìjọba sílẹ̀ ní Nassarawa, Kánò, ní 1909, amọ̀ ni ìlú fi ń kọ́lé. Amọ̀ náà ni wọ́n fi kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina tí Gómìnà Hugh Clifford ṣí ní 1922, níbi tí Ahmadu Bello àti Tafawa Balewa ti kàwé. Ilé ọ̀hún ṣì dúró. Ó ti di mùsíọ́ọ̀mù.

Tubali ni búlọ́ọ̀kù àwọn ọ̀mọ̀lé Hausa. Wọ́n á po amọ̀ pọ̀ mọ́ koríko, wọ́n á fọwọ́ mọ ọ́n ní ṣóńṣó, wọ́n á sá a gbẹ, kí wọ́n tó tò ó sínú amọ̀ tútù. Ògiri á nípọn nísàlẹ̀, á sì máa fẹ́lẹ́ bó ti ń gòkè. Igi àgbọn olódù tí wọ́n là, tí wọ́n ń pè ní azara, ló ń gbé òrùlé, torí ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ. Azara kò ṣeé nà jìnnà, ìdí nìyẹn tí yàrá fi ń ṣe tóóró tàbí kí òpó wà láàárín. Omi èèpo èso igi irú, ìyẹn makuba, ni wọ́n fi ń rẹ́ ara ògiri kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Kí ooru ọ̀sán tó gba inú ògiri bẹ́ẹ̀ já, àwọn ọmọ ti délé. Wàhálà rẹ̀ ni àtúnrẹ́ kí òjò tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

UPE, ètò ìjọba pé kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló dá ọ̀rọ̀ rú. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1976, àwọn ọmọ tó yọjú pọ̀ ju iye tí ìjọba rò lọ, kíláàsì sì gbọ́dọ̀ yá. Búlọ́ọ̀kù oníhò àti páànù ló yá jù. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń gbé káàkiri, láìbéèrè ibi tí oòrùn ń gbà wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé ló yẹ kó kọjú sí àríwá àti gúúsù. Bó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí kò sì sí sílíìnì, kò sẹ́ni tó lè kàwé níbẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹrin.

Sókótó ni wọ́n ti fi UBE, ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, lọ́lẹ̀ ní 1999. Òfin 2004 ní kí ìpínlẹ̀ fi iye kan náà ti owó tí UBEC, àjọ tó ń bójú tó UBE ní Àbújá, bá gbé sílẹ̀. Èyí tí kò bá rí tirẹ̀ fi sílẹ̀ kò ní rí i gbà. SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò tó ń bá ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ṣàkóso, náà wá fún àwọn ará àdúgbò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀: kí ẹ̀rọ omi wà létí ọgbà kí àwọn ìyá náà lè pọn níbẹ̀, kí ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin dá dúró.

Òrùlé ló ṣì ń dà wọ́n láàmú jù. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò á wọ abẹ́ páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì ká gbogbo rẹ̀, torí pé ìṣó nìkan ni káfíńtà fi kan igi mọ́ ògiri. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n ri irin mọ́ inú kọnkéré líńtẹ̀lì nígbà tí wọ́n ń dà á, kí wọ́n sì fi lọ́ igi náà pinpin. Kí SBMC gun àkàbà lọ wo irin yẹn kí wọ́n tó kan páànù, torí bí wọ́n bá ti fi sílíìnì bò ó, kò ṣeé yẹ̀ wò mọ́.