Lílo ẹ̀rọ amúlétutù nílé láìfi iná ṣòfò ní Ìkòròdú

Ẹ̀rọ amúlétutù, tí àwọn èèyàn ń pè ní é-sì, máa ń gba ooru inú yàrá, á sì tú u síta. Ní Ìkòròdú, ìlú tó wà létí ọ̀sà Èkó, òun ló sábà máa ń jẹ iná jù nínú ilé tó bá wà. Willis Carrier, ará Amẹ́ríkà, ló ṣètò irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1902 fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Ọ̀rinrin tó ń ba bébà jẹ́ ló ń bá jà níbẹ̀, ọ̀rinrin yìí kan náà ló sì ń da é-sì láàmú ní Ìkòròdú.

Ohun tó ń jẹ iná

Fáànù inú é-sì kì í jẹ iná púpọ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì é-sì yí po, tó wà nínú èyí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ìta, ni ọ̀jẹun. É-sì 1 HP máa ń fa nǹkan bíi wáàtì 750 sí 1,000 nígbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Mítà ń fi èyí hàn. Lórí mítà tí wọ́n kọ 1,000 imp/kWh sí, iná pupa kékeré máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 1,000 kí yúnìtì kan (kWh kan, ìyẹn wáàtì 1,000 fún wákàtí kan) tó tán. Bó bá jẹ́ fáànù é-sì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ti wọlé, kò ní ju bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ.

Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó yúnìtì fún àwọn oníbàárà Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, dé náírà 225. Ó ti ń yí padà láti ìgbà náà. Ní iye yẹn, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fa wáàtì 1,000 fún wákàtí mẹ́jọ láìsinmi yóò jẹ náírà 1,800 lóru ọjọ́ kan. Ibùdó iná Ẹ̀gbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà ní Ìjẹ̀dé nítòsí, àmọ́ orí wáyà gbogbogbòò ni iná rẹ̀ ń gbà, kò sì sọ iná di ọ̀pọ̀ fún aládùúgbò. Kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ lè máa sinmi ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rinrin àti ooru ilé

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kún fún omi tójú ò rí. É-sì ní láti fa omi yìí yọ kí ara tó lè tu èèyàn, òun ló sì ń kán lẹ́nu páìpù lẹ́yìn ilé. Kí lítà omi kan tó kán, ẹ̀rọ náà ti kó ooru tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta yúnìtì kan jáde. Ẹni tó bá gbé korobá sábẹ́ páìpù lálẹ́, tó bá a ní kíkún láàárọ̀, kó yẹ ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ wò, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé atẹ́gùn ìta ń ráyè wọlé. Fèrèsé lúfà ló máa ń ṣe báyìí jù, nítorí dígí rẹ̀ kì í pàdé dáadáa.

Òrùlé páànù tí kò ní àjà lábẹ́ tún burú: bí oòrùn bá ti pa á, inú yàrá ló ń da ooru náà sí. Ó sàn kí wọ́n kan àjà, kí wọ́n sì fa aṣọ bo fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ju kí wọ́n ra é-sì tó tóbi sí i lọ.

Dígírì àti ìtọ́jú

Títẹ rìmóòtù sí 16 kì í mú kí yàrá tètè tutù lórí é-sì tí kì í ṣe inverter (irú èyí tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ lè dín eré kù dípò kó kú pátápátá). Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ dúró. Láti 2020, orílẹ̀-èdè Íńdíà ti pàṣẹ pé kí é-sì inú yàrá máa bẹ̀rẹ̀ láti 24 bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Pẹ̀lú fáànù, 25 tàbí 26 tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti sùn.

Asẹ́ inú rẹ̀ ń fẹ́ fífọ̀ déédéé, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ti gáàsì ni àṣìṣe tó ń ná àwọn èèyàn lówó jù. Gáàsì é-sì kì í jó tán bí epo jẹnẹrétọ̀; inú páìpù rẹ̀ ló ń yí po. Bó bá dín kù, ó ti jò. Oníṣẹ́ tó bá ń rọ gáàsì lọ́dọọdún láìwá ojú ibi tó ń jò kò tíì tún nǹkan kan ṣe: kó kọ́kọ́ dí i, kó tó rọ òmíràn sí i.