Bí Eṣúṣú Ṣe Di Ẹbí Ekòló

Ní Ẹ̀pẹ́, nílé àwọn apẹja tí a bí mi sí, ekòló ni wọ́n ń fi ṣe ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀, eṣúṣú sì ni wọ́n ń já kúrò lójúgun nígbà tí wọ́n bá jáde nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan méjèèjì lójoojúmọ́ kò lè ṣàì rí i pé wọn kò ní eegun, àti pé òrùka òrùka ni ara wọn láti orí dé ìdí. Bàbá mi àgbà a máa pe eṣúṣú ní “ekòló amẹ̀jẹ̀”, èyí sì ni mo fi gbà pé àwọn baba wa ti mọ ìbátan wọn kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láti ìgbà tí àwọn apẹja àkọ́kọ́ ti tẹ ẹsẹ̀ bọ ọ̀sà yìí. Orúkọ eṣúṣú pàápàá kì í ṣe tuntun, nítorí òun ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò nínú Òwe 30:15; kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á pọ̀ mọ́ èsúsú tí a ń dá lọ́jà.

Carl Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ará Sweden, sọ eṣúṣú tí wọ́n fi ń ṣe ìwòsàn ní Hirudo medicinalis ní 1758, ó sì kó o sínú agbo Vermes, ìyẹn “aràn” ní èdè Látìn. Òótọ́ ni pé ekòló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aràn inú àti ìgbín náà wà níbẹ̀, ẹbí wo wá nìyẹn? Lamarck, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ará Faransé, ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ apẹja jù, nítorí ara òrùka ni ó wò nígbà tí ó dá orúkọ Annelida sílẹ̀ ní 1802, agbo tí eṣúṣú wà títí di òní.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ìgbànú. Nígbà tí ekòló tàbí eṣúṣú bá fẹ́ bímọ, apá kan ara rẹ̀ a wú bí ìgbànú, a sì ṣe àpò tí ẹyin ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ akọ, ó tún jẹ́ abo. Ìgbànú yìí ni Michaelsen, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ará Jámánì, fi sọ agbo wọn ní Clitellata ní 1919. Síbẹ̀, àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ekòló ní irun wẹ́wẹ́ lára, eṣúṣú sì ní ẹnu ìfàmọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Àyẹ̀wò DNA ló wá fi hàn pé láàárín àwọn ekòló gan-an ni eṣúṣú ti yọ ẹ̀ka. Ní 2007, àwọn olùwádìí tún rí i pé ọ̀pọ̀ eṣúṣú tí wọ́n ń tà fún ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí Hirudo medicinalis, irú eṣúṣú mìíràn tí ń jẹ́ Hirudo verbana ni.